Ẹ Jẹ́ Kó Sinmi Díẹ̀

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jí abẹ́rẹ́ rí. Kò bá aládùúgbò jà, kò sì sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa lẹ́yìn. Síbẹ̀, ó gba iṣẹ́ mọ́ ọmọbìnrin tó ń pè é ní ìyá lọ́wọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣàánú wa ló ń ṣe wá lóore.

Màmá Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Òun nìkan ni obìnrin tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka wọn ní yunifásítì. Yàrá ìwádìí rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀yà ara tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, nínú ike pẹlẹbẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ba kíndìnrín ènìyàn jẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì kò yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́. Ó ń jẹ, ó ń yàgbẹ́. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ omi oúnjẹ rẹ̀ lásìkò, òkú ló máa bá.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú u. Inú àpótí onígíláàsì kan tí atẹ́gùn mímọ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí ike. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú àpótí yẹn kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀, torí èémí ẹnu ni í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bu bíi búrẹ́dì ìjẹta. Màmá Sẹ́ẹ̀lì máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó, kí èèyàn kọ́kọ́ dé ike rẹ̀ ná, kó tó wá ọ̀nà àtisá.

Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan ni sẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn jù. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ Màmá Sẹ́ẹ̀lì ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé, ó sì dúró tì í gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, iṣẹ́ àdéhùn tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún bí ẹni háyà ilé. Ìyá tó bí i ti kú. "Màámi" ló ń pe ọ̀gá rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnu lásán.

Nígbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bímọ, tó wà nílé, sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Onítáì, nítorí kì í bọ́ táì lọ́rùn, àní bó bá ń fọ ìgò. Onítáì tọ́jú wọn, wọ́n kú. Màmá Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ó jókòó, wọ́n kú mọ́ òun náà lọ́wọ́. Ìgbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ padà dé ni ara wọ́n tó yá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti gbọ̀nà wọlé.

Kò sí yàrá tí abiyamọ lè lò ní gbogbo ilé yẹn. Inú sítọ́ọ̀, láàárín àwọn páálí ìbọ̀wọ́, lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó da ojú rẹ̀ dé, ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń fún ọyàn sínú ìgò fún ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Màmá Sẹ́ẹ̀lì bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ náà ní ibà lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin náà sì ń ronú bí yóò ṣe sọ fún Olórí Ẹ̀ka pé òun fẹ́ tètè lọ.

Màmá Sẹ́ẹ̀lì ní, "Má dán an wò. Láyé tiwa, a kì í sọ pé ọmọ ń ṣàìsàn. Mọ́tò la máa ń sọ pé ó bàjẹ́."

"Mọ́tò, kẹ̀?"

"Mọ́tò tèmi bàjẹ́ títí ọ̀gá wa fi ń bá mi wá mẹkáníìkì. Àwọn kan ní kí n tà á fún oní-páńda tó ń ra irin àlòkù."

"Mọ́tò ọ̀hún fúnra rẹ̀ ńkọ́, màámi?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é. Òun náà ló ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Èyí tó bàjẹ́ yẹn ti lọ́kọ báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Onítáì fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí o. Ẹ̀rín yẹn dùn. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹ̀rín àwọn méjì tó fara pamọ́ sínú sítọ́ọ̀ ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àyè iṣẹ́ olùkọ́ kan ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka wọn, iṣẹ́ tó dúró, kì í ṣe ti àdéhùn. Ẹni tó bá gbà á yóò ní yàrá ìwádìí tirẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ má yọjú mọ́ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ béèrè fún un. Onítáì náà béèrè. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó tọ́ sí, Onítáì gan-an mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ ti ń kí i kú oríire lábẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa níwájú ìgbìmọ̀. Màmá Sẹ́ẹ̀lì gbá a léjìká pẹ́ẹ́, ó ní ṣé ó tún yẹ kí wọ́n bẹ òun ni, ta lòun ní bí kì í bá ṣe ọmọbìnrin náà.

Òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ nígbà tó délé, tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ nídìí tábìlì, ọ̀rọ̀ mìíràn ń yí nínú rẹ̀. Ó ní bí ọmọ náà bá gba iṣẹ́ yẹn, yóò kó lọ sí yàrá tirẹ̀. Àwọn tó ń náwó sórí ìwádìí ń retí àbọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ta ni yóò bọ́ sẹ́ẹ̀lì?

Ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń ya àwòrán ilé, tí kì í sì í gbé ojú kúrò nínú àwo bó bá ń jẹun, ní kó gba ẹlòmíràn.

"Wọn kì í ta ọwọ́ lọ́jà," ló fi dá a lóhùn.

"Ó dáa, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n mú un nígbà náà."

Ó fi ṣe àwàdà ni, ó sì bu oúnjẹ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá oúnjẹ lọ. Inú ìyàwó rẹ̀ ló bọ́ sí, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ bí àlejò tó ti gbé àpótí rẹ̀ wá. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ ọ. Ó wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ó ń gbọ́ ọ. Ó ń bá ara rẹ̀ jà pé òun kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe nǹkan, ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í bá ara rẹ̀ jà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Tábìlì gígùn kan, ọkùnrin lọ́tùn-ún, ọkùnrin lósì, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Olórí Ẹ̀ka jókòó sí ìparí, ó fi bírò há etí. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn méjèèjì lẹ́nu wò, wọ́n sì ti yìn wọ́n. Ó wá kù díẹ̀.

Olórí Ẹ̀ka ní, "Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ọmọbìnrin yìí ló mọ̀ ọ́n jù. Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ abiyamọ láàárín wa lẹ lè bá wa dáhùn rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ yẹn, ṣé kò ní dí i lọ́wọ́?"

Gbogbo wọn wo Màmá Sẹ́ẹ̀lì.

Rárá ni ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ. Ó ti bí ọmọ tirẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́. Ó la ẹnu. Àwọn ike pẹlẹbẹ náà yọ sí i lọ́kàn, omi wọn ti dàrú, òkú ti léfòó nínú wọn.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń ṣe èèyàn. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Tó bá di ìgbà mìíràn, yóò ti gbára dì."

Ọ̀kan nínú wọn mi orí pé ọ̀rọ̀ ìyá nìyẹn. Olórí Ẹ̀ka mú bírò kúrò létí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó parí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò purọ́. Ó ń rẹ ọmọbìnrin náà lóòótọ́. Ó ń rẹ Onítáì náà, ó máa ń sùn lórí àga títí táì rẹ̀ yóò fi wọ inú ife tíì. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n jẹ́ kí Onítáì sinmi.

Nígbà tí ìròyìn jáde pé Onítáì ló gbaṣẹ́, orí àyà Màmá Sẹ́ẹ̀lì ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti sunkún. Ó ní kí màámi sọ òótọ́ fún òun, kí lòun ṣe tí kò dáa. Màmá Sẹ́ẹ̀lì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, pé ayé ọkùnrin ni, pé òun jà títí ó fi rẹ òun. Irọ́ gidi àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí tó tẹ̀lé e kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Ó ra aṣọ òtútù fún ọmọ náà. Ó ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi í ti ọmọ. Bó ṣe ń ṣoore tó ni oore náà ń gún un lára tó, nítorí ọmọbìnrin náà ń dúpẹ́ kiri. Ó ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí gbogbo ọ̀gá bá rí bíi màámi, obìnrin kì bá tí sá kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ kọ ẹ̀sùn sí àwọn aláṣẹ, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀rù ba Màmá Sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá tún un gbé yẹ̀ wò, wọn yóò béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Ó fà á jókòó, ó ní wọn yóò pè é ní oníjàgídíjàgan, pé orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin. Ọmọbìnrin náà rò ó, ó ní bí ó bá jẹ́ ohun tí màámi rí nìyẹn, òun ti fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, oòrùn ràn dáadáa. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó síwájú àpótí onígíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà sí ilẹ̀kùn. Màmá Sẹ́ẹ̀lì wà nídìí awò tí wọ́n fi ń wo sẹ́ẹ̀lì. Olórí Ẹ̀ka wọlé, inú rẹ̀ ń dùn. Ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti gbàgbé òfin àwọn tó wà nídìí ike.

"Ìyá ọmọ, ṣé o ti ń rí oorun sùn báyìí?"

Màmá Sẹ́ẹ̀lì gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ọkùnrin náà rò pé ó ń kí òun ni, ó juwọ́ padà.

"Má bínú sí wa o. Gbogbo wa la ti fẹ́ mú ọ. Màmá rẹ tó wà níbí yìí ló ní ó ti rẹ̀ ọ́, ká jẹ́ kó o sinmi díẹ̀. Mo délé mo sọ fún ìyàwó mi, mo ní ìyá tó ń ro ti ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n."

Ó bi Màmá Sẹ́ẹ̀lì léèrè nípa kọ́kọ́rọ́ yàrá kan, ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì lọ.

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró nínú àpótí. Ó tó ìgbà tí èèyàn fi lè mí ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́.

Ike ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó ṣí ọ̀kan, ó fa omi àtijọ́ jáde, ó rọ tuntun sí i, ó dé e. Ó mú òmíràn. Kò yára, kò sì fà á. Ariwo kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà ni ti atẹ́gùn àpótí. Màmá Sẹ́ẹ̀lì lè jáde lọ nígbà yẹn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó ní títí dòní òun kò mọ ohun tó mú òun dúró. Ó ń wo ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà, ó ń gbàdúrà kí ike náà má tán.

Ike tán. Ọmọbìnrin náà nu inú àpótí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó pa atẹ́gùn. Ó yíjú.

"Ṣé òótọ́ ni, mà?"

Kò pè é ní màámi.

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ń bi yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ire rẹ ni mo rò."

"Ṣé ẹ bi mí bóyá ó rẹ̀ mí?"

Màmá Sẹ́ẹ̀lì yíjú sí awò náà.

"Ẹ bá bi mí ni. Ǹ bá sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí láti máa jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú sítọ́ọ̀. Mi ò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ mí."

Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi lélẹ̀. Bí ẹni tó ń parí ìṣirò, ó wá béèrè wọ́ọ́rọ́ pé, "Bí mo bá gba iṣẹ́ yẹn, ta ni ì bá máa bọ́ sẹ́ẹ̀lì yín?"

Ojú Màmá Sẹ́ẹ̀lì wá sílẹ̀. Ìdáhùn nìyẹn, ọmọbìnrin náà sì gbọ́ ọ ketekete.

"Mo ti bọ́ wọn fún tòní," ló sọ. "Lọ́la, ẹ wá ẹni tí kò rẹ̀."

Ẹ̀yin yóò máa retí kí n sọ pé sẹ́ẹ̀lì kú, pé iṣẹ́ Màmá Sẹ́ẹ̀lì dojú dé. Rárá o. Wọ́n kọ́kọ́ kú, lẹ́yìn náà ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó kù bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń náwó sí ìwádìí ní kí wọ́n má kánjú. Àbọ̀ náà pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbà á, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ohun tó torí rẹ̀ ta ọmọ rẹ̀, ó wá rí i pé òun ì bá rí i gbà láìta ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló ń jí i lójú oorun.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wá ilé ọmọbìnrin náà lọ. Ọkọ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, ó pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì gbé ọmọ wọ yàrá. Báńkì ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń fèsì fún àwọn oníbàárà lórí fóònù láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Màmá Sẹ́ẹ̀lì ní àyè iṣẹ́ mìíràn fẹ́ ṣí. Ọmọbìnrin náà ní òun kò ṣe mọ́. Ó ní ọmọ òun ṣàìsàn láìpẹ́ yìí, òun pe ọ̀gá òun ní báńkì, òun ní mọ́tò òun bàjẹ́. Ọ̀gá náà ní, "Ìyá ọmọ, ìwọ tí o ò ní mọ́tò. Ṣé ọmọ ni? Tọ́jú ọmọ rẹ, ká rí ọ lọ́la."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Sẹ́ẹ̀lì dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ọmọbìnrin náà di apá rẹ̀ mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí àgbà bíi tiyín bá kúnlẹ̀ fún mi, ó di dandan kí n dárí jì í. Mi ò tíì ṣe tán."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Kì í ṣe pálọ̀ mi lẹ ti sọ ọ́. Ẹ mọ ibi tí ẹ ti sọ ọ́."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó rò ó ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi délé.

Àyè náà yọ nígbà tí Olórí Ẹ̀ka fẹ́ fẹ̀yìn tì. Màmá Sẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n pè é sí, tábìlì kan náà, ojú kan náà, Olórí Ẹ̀ka sì wà lórí ìjókòó rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n bi í nípa èyí, wọ́n bi í nípa tọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan lára wọn béèrè pé àwọn obìnrin ń fi iṣẹ́ sáyẹ́nsì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì, kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé ó ń lé wọn.

Ó ti mú ìdáhùn dáadáa wá láti ilé. Ó gbàgbé rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀kan wà tí mo mọ ohun tó lé e. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ṣàwàdà nídìí oúnjẹ. Ó sọ pé kì í ṣe àánú ló ṣe òun, ọwọ́ ọmọ náà lòun fẹ́. Ó sọ pé òun parọ́ fún un, òun sì dá a dúró kó má baà kọ ẹ̀sùn. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tó parí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń dúró de ìdájọ́.

Olórí Ẹ̀ka ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà nínú ìyẹn? Ọmọ kékeré nílò ìyá rẹ̀. Ẹ gba ilé ọmọbìnrin yẹn là ni."

"Mo ní mi ò ṣe é nítorí rẹ̀."

"Ta ni kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rere dúró ti òun?" lẹni tó béèrè ìbéèrè wí. "Ẹ wo bí ẹ ṣe ń sunkún nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Irú ẹni tí a ń wá nìyẹn. Ìyá gidi."

Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi í ṣe Olórí Ẹ̀ka.

Ó dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó gbọ́ ohùn ọmọ tó ń kọrin lẹ́yìn ọmọbìnrin náà.

"Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ níbi tí mo ti sọ ọ́," ni Màmá Sẹ́ẹ̀lì wí. "Mi ò fi nǹkan kan pamọ́."

"Kí ni wọ́n wí, mà?"

"Wọ́n fi mí ṣe Olórí Ẹ̀ka."

Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ohùn tó fi dáhùn jẹ́ ohùn tútù tó dán, irú èyí tó ń fi í dá àwọn oníbàárà lóhùn láti àárọ̀.

"Ẹ kú oríire, mà. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"